Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àpọ́njù

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà bá ń padà sí ilé wọn ní Agége, ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ a máa to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Òkìtì kan a wà tí oníbàárà kì í tètè mú: èèpo rẹ̀ ti dúdú, ara rẹ̀ sì ti rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé, “Ìyá, èyí mà ti rà.” Òun yóò sì dáhùn pé, “Kò rà o, oníbàárà mi. Ó pọ́n jù ni.” Èrè ọjọ́ náà wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí, nítorí pé ohun tí ó pọ́n jù ṣeé tà, ṣùgbọ́n ààtàn ni ti ohun tí ó rà.

Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ ìyàtọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni Yorùbá ń pè ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé ni ó ní; bí ó bá sì pọ́n jù, èèpo rẹ̀ a tún dúdú. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń là á yé ni.

Ìtumọ̀ “pọ́n” ni kí nǹkan pupa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyìn ṣe ń pọ́n lórí ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ẹni tí ìyà ń jẹ ṣe ń pọ́n, èyí tí ó fún wa ní “ìpọ́njú”. “Jù” ń fi hàn pé nǹkan kọjá ìwọ̀n. Bí “à”, “ṣe” àti “jù” ti di “àṣejù”, bẹ́ẹ̀ náà ni “à”, “pọ́n” àti “jù” di “àpọ́njù”. “Rà” yàtọ̀: ohun tí omi ń jáde lára rẹ̀, tí ó ń rùn, tí kò ṣeé jẹ mọ́, ni ó rà. Ohùn kan náà ni ó ní pẹ̀lú “rà” ti ọjà, ìlò ni a fi ń mọ̀ wọ́n: “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a rà ti rà.”

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà; nítorí náà ni àpọ́njù fi dùn ju àwọn yòókù lọ. Èso tí ó pọ́n a sì máa tú afẹ́fẹ́ ẹ́tílínì jáde, èyí tí ń mú kí àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ tètè pọ́n. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣa àpọ́njù sọ́tọ̀.

Àwọn ará Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò da tiwọn nù. Wọn a fi ata àti iyọ̀ sí i, wọn a sì fi epo pupa dín in. Òun ni dòdò Ìkirè tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní Èkó, wọn a gún un mọ́ ìyẹ̀fun, wọn a dín in ní mósà.

Lóòótọ́, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n àpọ́njù kò tíì tẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín “pọ́n jù” àti “rà” kì yóò da oúnjẹ nù, kì yóò sì fi ẹnu ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.