Ta Ni Onílẹ̀ Nínú Ìwé Ìjọba?

Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì kan ní Mowé, onílẹ̀ là ń pè é. Ẹbí tó tà á fún un, onílẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko, bó bá ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn kan á máa pe òun náà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn kò léwu, nítorí ẹni tó ń gbọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ń lọ sórí kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí a pe ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Èdè wa sì ní àwọn orúkọ náà. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń fi owó tàbí ìkórè rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹni tó gba C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pàápàá, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan ló gbà, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹ̀rọ tuntun ń ṣe gan-an. GIS, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí ààlà gbà kọjá, iṣẹ́ tí pèrègún ti ń ṣe lóko tipẹ́. Kò lè sọ ẹni tó ni ohun tó wà láàárín ààlà. Blockchain ní tirẹ̀ ń pín ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ti àtijọ́ padà, àṣírí á tú. Ní orílẹ̀-èdè Georgia, tí ìjọba ibẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ Bitfury ṣe àdéhùn lórí èyí ní 2016, àmì ìdánimọ̀ ìwé ilẹ̀ ni wọ́n fi sórí rẹ̀. Ohun tí a kọ ni blockchain ń ṣọ́. Kì í bèèrè bóyá òótọ́ ni. Bí a bá kọ ẹni tó gba ilẹ̀ dáko ní onílẹ̀, àṣìṣe yẹn gan-an ni ẹ̀rọ á máa bá wa ṣọ́.

Àwọn kan á ní èdè kì í dúró sójú kan, pé ìtumọ̀ “onílẹ̀” ti fẹ̀ sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjà àti ti àdúgbò. Àtakò tó wúwo jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ilẹ̀, kí wá ni ti Yorùbá níbẹ̀? Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ló dá wọn lóhùn: a gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ kó yé e, kó tó tẹ̀ka. Ohun tó fi etí gbọ́ ló fọwọ́ sí. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, tí wọ́n sọ fún pé “ẹ tẹ̀ka, ẹ̀yin ni onílẹ̀” lè má mọ̀ pé orúkọ òun nìkan ló wọlé, nígbà tó jẹ́ pé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹbí ló ṣe jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù ya ẹbí tó ni ilẹ̀, aṣojú ẹbí, ẹni tó rà á, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹni tí ìjọba fún lẹ́tọ̀ọ́ ìlò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà sì bá àwọn mọ́gàjí àti àwọn tó ń wọn ilẹ̀ jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.