Ọmọ Ogun Orí Tábìlì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ogun Kírìjì

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tó lè mú kí ìtàn wọ ọmọ lọ́kàn: kí a mọ ère ọmọ ogun kéékèèké, kí a kùn wọ́n lọ́dà, kí a sì tò wọ́n sórí tábìlì bí ogun àtijọ́ ṣe tò. Ní ọdún 1824, àwọn ológun Prussia ti ń fi irú eré yìí kọ́ àwọn ọ̀gágun wọn. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, kọ ìwé òfin eré náà fún ìdílé.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, fi igi gbẹ́ àwọn ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti òyìnbó kéékèèké, ó sì fi yíǹkì pupa, yíǹkì dúdú àti ẹfun bàtà kùn wọ́n. Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀ fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Títò wọn

Ẹ ka ìwé Númérì orí kejì. Júdà pàgọ́ sí ìlà-oòrùn, Rúbẹ́nì sí gúúsù, Éfúráímù sí ìwọ̀-oòrùn, Dánì sí àríwá, àgọ́ ìpàdé sì wà láàárín. Ìbàdàn náà ní ètò tirẹ̀. Balógun ni olórí ogun, Ọ̀tún Balógun wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Òsì Balógun wà lápá òsì; Sẹ́ríkí ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, Sàrùmí ló ń darí àwọn ẹlẹ́ṣin. Oyè wọ̀nyí ṣì wà títí di òní, ìlà Balógun sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlà méjì tí a ń gbà dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Nítorí náà, ọmọ tó bá to Balógun, Ọ̀tún àti Òsì sórí tábìlì ti mọ ìdí tí a fi ń pe àwọn olóyè bẹ́ẹ̀.

Mímọ àti kíkùn wọn

Ní Ajíbọ́dẹ àti àwọn abúlé Akínyẹlé tó yí wa ká, amọ̀ kò wọ́n. Ẹ mọ ère kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì méjì, kí ẹ̀ka igi tín-ín-rín jẹ́ ìbọn rẹ̀. Ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó má baà sán, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí a là mọ́mi pa á lára, kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ dúdú kùn ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwọ̀ aró kun aṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wa ìgbà náà kò wọ aṣọ kan náà bíi ti òyìnbó. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀págun kékeré àti àwọ̀ etí pátákó ìdúró wọn ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Títa eré náà

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn dúró sí apá kan, Ògèdèǹgbé Iléṣà àti Èkìtìparapọ̀ sí apá kejì. Ẹ jẹ́ kí ère kan dúró fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí rúlà wọn ìrìn, kí dáìsì lúdò sọ ìbọn tó bà. Kí ìbọn ṣakabùlà dé íǹṣì mẹ́fà. Kí ìbọn Snider, tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó, dé méjìlá. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ọmọ yóò rí ìdí tí akíkanjú Ìbàdàn kò fi lè ti àwọn ọ̀tá wọn kúrò lórí òkè.

Ohun tí tábìlì kò fi hàn

Bí ère bá ṣubú, a ó tún un gbé dìde. Ẹni tó ṣubú ní Kírìjì kò dìde mọ́. A kò to ìgbèkùn tí a tà, oko tó di igbó àti opó tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Nítorí náà, kí òbí má ṣe jẹ́ kí eré náà parí síbi ìṣẹ́gun. Ẹ mọ ère méjì tí kò gbé ìbọn, kí ẹ gbé wọn sáàárín ibùdó méjèèjì: Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bá àwọn ológun ní 1886. Johnson yìí kan náà ló kọ ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921.

Lónìí, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ń jókòó lórí àga kan náà ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ mọ àwọn ère náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé

1. Oyè ogun wo ló wà nínú ìdílé yín, ibo sì ni ẹni tó jẹ ẹ́ ń dúró lójú ogun?
2. Kí ni ìbọn tó ń ta jìnnà yí padà nínú ogun náà?
3. Ta ni alárinà láàárín àwọn tó ń jà ní àdúgbò yín lónìí?