Ìwé Ìjọba Inú Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Láti Kà Á

Nígbà kan rí, agogo ni a fi ń kéde ohun tí ìjọba bá pinnu. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé: gásẹ́ẹ̀tì, ìwé òfin àti ìwé ètò ìnáwó, tí a tẹ̀ sórí bébà. Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má baà sọnù, òfin ọdún 1970 lórí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa fi ẹ̀dà 25 nínú ìwé tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ẹ̀dà 10 ránṣẹ́, kí àwọn òǹtẹ̀wé yòókù sì fi 3 ránṣẹ́.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba kì í kan bébà mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni a ti ń kọ ọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ń gbé e sí. Ní oṣù kejìlá 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún sísọ owó tí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ ń san jáde. Ohun dáradára ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún àgbẹ̀ Iware tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń pe ènìyàn lọ? Ọ̀rọ̀ náà kàn án gidigidi. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ tààrà. Bí ará Iware, Fìdítì tàbí Ìlọràá kò bá mọ iye tí ó wọ àpò Afijió, báwo ni yóò ṣe béèrè ohun tí a fi ṣe?

Ilé-ìkàwé ni ó yẹ kí ó dí àlàfo yìí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa: ní 1953, Ìbàdàn ni àjọ UNESCO ti pe àpérò lórí rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1993 ni ó mú kí ìjọba gbé ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún aráàlú. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ẹni tí ó bá fẹ́ kà á nílé sanwó, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìkàwé tí ìjọba yàn ń fún ènìyàn láàyè láti kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di ìparí ọdún 1995 kí a tó mú owó náà kúrò fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kíyè sí i: ilé-ìkàwé ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ fún.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ìjọba jáde ní oṣù karùn-ún 2011. Ó pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí bébà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìdúró de ẹni tí yóò béèrè. Ẹni tí ó bá sì béèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ti ń wí pé òfin náà kò de àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pinnu pé ó de wọ́n.

Bí ẹnì kan kò bá mọ̀wé kọ ńkọ́? Ó lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá ń kọ lẹ́tà, kí ó dárúkọ ìwé tí ó ń fẹ́ àti ọdún rẹ̀ ní pàtó. Lẹ́tà tí ó kàn wí pé «a fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ná owó wa» kì í sábà ní èsì tí ó nítumọ̀. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀ sórí rẹ̀, nítorí ọjọ́ 7 ni òfin fún iléeṣẹ́ láti dáhùn. A lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Owó ṣíṣe ẹ̀dà nìkan ni a lè gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Olùbéèrè sì ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ìtanràn ₦500,000 wà fún iléeṣẹ́ tí ó bá kọ̀ láìtọ́. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni a lè rí gbà ṣá: ọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti àṣírí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìdáàbòbò tiwọn.

Olùtọ́jú yàrá ìkàwé ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège. Ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí lè pòórá lọ́la. Nítorí náà, bí ó bá rí ìwé tí ó kan ìlú, kí ó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà, kí ó kọ ọjọ́ tí ó rí i sí i, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó sì ka á sókè ní Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó wo àdírẹ́sì rẹ̀: ojú-ewé ìjọba Nàìjíríà sábà máa ń parí pẹ̀lú .gov.ng. Èyí tí ó bá ń ṣèlérí iṣẹ́ tàbí ẹ̀yáwó ìjọba, tí ó sì ń béèrè nọ́ńbà àṣírí báńkì, ti gbájúẹ̀ ni.