Ẹni Tí Ń Tọ́jú Aláìsàn, Ẹlẹ́ran Ara Ni

Sí Olóòtú Ìmọ̀ràn Ìlera. Ó ti tó ọdún kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá mi, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi nìkan ni mo wà nílé pẹ̀lú wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta wà ní Ìlọrin, Èkó àti Àbújá. Mo ti ti ìsọ̀ tí mo ti ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa. Lóru, màmá a máa pe bàbá wa tí ó ti kú, àwọn ará àdúgbò sì ní iṣẹ́ ayé ni. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ọ́. — Ọmọ Tí Ó Wà Nílé, Malete.

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú ìtọ́jú ìyá, mo kí yín kú àìsùn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àárẹ̀ tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìfẹ́ràn ìyá. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ lẹ́nu àgbà kan pé, bí òkété bá bí mẹ́rin, ọmú ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó máa mu títí ọmú náà yóò fi gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òru kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá ba apá kan ọpọlọ jẹ́, iyè pẹ̀lú lè rà. Iyè a sì máa rà fún àwọn arúgbó mìíràn láìsí rọpárọsẹ̀ rárá. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí àrùn iyè rírà yìí láàárín àwọn arúgbó Ìdíkàn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sì fi hàn pé, nínú 100 arúgbó, irú rẹ̀ tí a ń pè ní Alzheimer ń mú ẹni kan àti díẹ̀ lọ́dún ní Ìdíkàn, tí ó sì ń mú ju ẹni méjì lọ ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ó wà, àrùn sì ni. Bí màmá bá pe bàbá, ẹ má ṣe máa jiyàn pé bàbá ti kú, nítorí ọ̀fọ̀ tuntun ni yóò jẹ́ fún wọn ní gbogbo òru. Ẹ tan iná díẹ̀, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn bàbá fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọkàn wọn bá ṣàdéédé dàrú, pàápàá bí ara bá gbóná tàbí tí ìtọ̀ ń rùn, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ti ibùsùn, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì máa yẹ gìgísẹ̀, ìbàdí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wò láràárọ̀ bí ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n. Lára adúláwọ̀, ibi tí egbò fẹ́ yọ lè má pọ́n rárá. Ó lè dúdú ju ara yòókù lọ, kí ó gbóná, kí ó sì le bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn mọ́. Kí wọ́n jókòó dáadáa kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì da ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu bí ìgbà tí a ń rọ ọmọ ọwọ́, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan ẹbí. Ẹ bẹ olórí ẹbí yín kí ó pe ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ni ìsọ̀ yín. Láti ọdún 2009 tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ sí Malete, gbogbo wa la mọ iye ẹnu tí ń wá oúnjẹ rà níbẹ̀. Èrè tí ẹ ń pàdánù lójoojúmọ́ náà ni ìdáwó tiyín, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju ti ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó pín ìyókù: ta ni yóò máa ra oògùn ìfúnpá kí ó tó tán, ta ni yóò parí ọ̀rọ̀ ìbánigbófò ìlera màmá, èyí tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, awakọ̀ wo ni a lè pè lóru láti gbé wọn dé Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì bí ẹnu wọn bá wọ́ lójijì tàbí tí ohùn wọn bá lọ́. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Ìlọrin kò jìnnà. Kí ó máa wá sùn ti màmá lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè sùn, kí ẹ sì lọ wọn ìfúnpá tiyín.

Nínú lẹ́tà kejì, ọmọ ìlú Ṣáó kan tí ó wà ní London bèèrè bóyá owó tí òun ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù tó fún àbúrò òun obìnrin tí ń tọ́jú bàbá wọn. Níbi tí ẹ wà, ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀ lè gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni. Nílé níhìn-ín, ẹ̀yin ni ìjọba àbúrò yín. Ẹ pín owó náà sí méjì, ti bàbá lọ́tọ̀, ti àbúrò yín lọ́tọ̀, kí ẹ má sì bi í léèrè ohun tí ó fi tirẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá wálé lóṣù Kejìlá, kí ẹ tó dá aṣọ ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin fúnra yín máa wẹ bàbá, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ àwọn oògùn wọn sílẹ̀.