Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Àgbá Ẹ̀rọ Máa Gbọ̀n

Kì í ṣe inú kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ibi ẹ̀rọ tí ìyá mi àgbà fi ń rin gbágùúdá ní Àjọwá-Àkókó ni. Ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mẹkáníìkì pààrọ̀ bíárìn rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin, owó gàrí sì ń bá bíárìn lọ. Màmá fẹ́ tà á. Wọ́n ní, “Ọmọ yunifásítì, kí ni ìwé yín wí sí i?”

Ìwúwo ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àgbá tó ń yí gbọ́dọ̀ wúwo dọ́gba yí ọ̀pá àárín rẹ̀ ká. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi gíráàmù 200 wúwo ju èkejì lọ, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín, tí àgbá sì ń yí nígbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí yóò máa fa ọ̀pá náà yóò tó ìwúwo kìlógíráàmù 8. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì ńkọ́? Kì í ṣe 16 ni yóò dà, 32 ni, nítorí pé agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Mo tú páànù, mo bá èérún gbágùúdá tó ti gan mọ́ abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. A fọ̀ ọ́. Gbígbọ̀n náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán.

Mo wá ta okùn láti ojú púlì ẹ́ńjìnnì dé ojú púlì àgbá. Wọn kò wà lórí ìlà kan náà. Ó fi ìbú ìka kan yẹ̀. Igi tí wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ti jẹrà, nọ́ọ̀tì ti dẹ̀, bẹ́líìtì sì ń fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́. Bíárìn tí wọ́n ń dá lẹ́bi, òun gan-an ni ìyà ń jẹ.

Àwọn àgbá ńlá náà ní ti wọn. Ẹ wo ààrò ayípo tí wọ́n fi ń sun sìmẹ́ńtì, irú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ní Ewékorò láti 1960. Ó máa ń dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, òrùka irin ńláńlá ló sì fi jókòó lórí róólà. Bí wọ́n bá dá a dúró nígbà tó ṣì gbóná, tí wọn kò yí i, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní tutù bákan náà, yóò sì tẹ̀ bí ọrun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹ́ńjìnnì kékeré yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ní tiwa, a gbé ẹ̀rọ Màmá sórí kọnkéré, a to púlì méjèèjì, a sì ra bíárìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Ariwo tí ẹ́ńjìnnì ń pa láàárọ̀ ni wọ́n tún ń bi mí nísinsìnyí.