Ìjù Aláìdílọ́wọ́ nínú Eré Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Bí a bá pe ìjù tí rẹfirí ń fún ẹni tí a ṣẹ̀ ní 'ìjù ọ̀fẹ́', a ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ohun tí a kò sanwó fún ni ọ̀fẹ́. Ohun tí òfin ń wí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ajùbọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bí ó ti dúró lẹ́yìn ìlà, ní mítà 4.60 sí pátákó. Nítorí náà, 'ìjù aláìdílọ́wọ́' (oní + àìdílọ́wọ́) ni ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin FIBA yẹ̀ ẹ́ wò:

(i) Bí alátakò bá wọ ààyè abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ajùbọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, àmì dúró: ìdílọ́wọ́ náà kò ṣèpalára. Bí kò bá wọlé, a ó tún un jù.

(ii) Bí alátakò àti ẹlẹgbẹ́ ajùbọ́ọ̀lù bá jọ ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ìjù ìkẹyìn, tí bọ́ọ̀lù kò wọlé, kò sí àtúnjù. Ẹgbẹ́ tí ó kàn láti gba bọ́ọ̀lù ni a ó fún.

(iii) Bí ajùbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bá tẹ ìlà kí bọ́ọ̀lù tó kan òrùka, kò sí àmì, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ wọlé. Òun ni ó ba àǹfààní ara rẹ̀ jẹ́.

Olùkọ́ tí ó fi 'ọ̀fẹ́' kọ́ni yóò máa ṣàlàyé òfin wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó fi 'àìdílọ́wọ́' kọ́ni ti fi gbòǹgbò wọn hàn.