Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ILÁ NÍNÚ ÀKÀRÀ

Ìyá bàbá mi ni ó ń dín àkàrà ní oríta àdúgbò wa. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń bó ẹ̀wà tí ó rẹ sómi. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Bí mo bá gbé e dé, yóò bu iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, yóò sì máa pò ó títí yóò fi fúyẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá pò ó dáadáa, òkúta ni yóò dín, kì í ṣe àkàrà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ń fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́, àwọn kan ń fi mu ògì, àwọn mìíràn sì ń fi sí àárín búrẹ́dì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Kékeré ti ìlú Salvador dé. Salvador ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó sì ní, "Màmá, ẹ jókòó. Èmi ni n ó dín àkàrà lónìí."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń sá fún èéfín!"

Bàbá Kékeré da epo pupa sí agbada. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé Ìyá Àgbà náà máa ń fi epo pupa dín àkàrà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkàrà jinná, ó mú ọ̀bẹ, ó la ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàárín. Ó bu ilá tí ó ti fi edé, àlùbọ́sà, ẹ̀pà lílọ̀ àti epo sè sínú wọn. Ó tún bu nǹkan kan tí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná sí i. Búrẹ́dì rírẹ, oje àgbọn, edé, ẹ̀pà, atalẹ̀ àti epo ni ó fi sè é. Lẹ́yìn náà ni ó wá to tòmátì àti edé gbígbẹ sí orí rẹ̀.

Àbúrò mi pariwo pé, "Ilá nínú àkàrà!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà wo àwo náà, n kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ilá náà ń fà. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ta ni ó kọ́ ọ ní irú èyí? O ti ba àkàrà mi jẹ́."

Bàbá Kékeré dáhùn pé, "Àwọn ẹbí yín ni, Màmá."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ní ayé òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá gba orí òkun lọ sí Bahia. Àwọn obìnrin kan nínú àwọn ẹrú a máa kiri oúnjẹ ní òpópónà. Ọ̀gá wọn ni ó ń gba púpọ̀ nínú owó náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn sì fi ra ara wọn padà. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó dópin ní Brazil, ṣùgbọ́n àkàrà kò dópin. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bí a bá tẹ́tí sí orúkọ náà dáadáa, a ó gbọ́ "àkàrà" àti "jẹ" nínú rẹ̀. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú. Abará ni wọ́n ń pe ìyẹn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn. Aṣọ funfun ni àwọn alákàrà ibẹ̀ ń wọ̀, wọ́n ń wé gèlè, wọ́n sì ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn.

Bàbá Kékeré ní, "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ rà á, alákàrà bi mí bóyá gbígbóná ni mo fẹ́ tàbí tútù. Mo ní gbígbóná. Ta ni ó ń jẹ àkàrà tútù? N kò mọ̀ pé ata ni ó ń bi mí. Omi ń bọ́ lójú mi títí mo fi délé!"

A rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àgbà.

Bàbá Kékeré tún sọ pé ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, ní ọdún 2013, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun sí Salvador fún ìdíje Ife Àgbáyé. Òfin ìdíje náà kò fẹ́ kí oníṣòwò òpópónà tà nítòsí pápá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alákàrà sì ti ń tà ní pápá àtijọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ìyá Àgbà gbójú sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti da agbada tirẹ̀ nù rí ní oríta. Ó béèrè pé, "Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ aṣọ funfun wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà pápá náà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Wọ́n kò kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gbà kí wọ́n tà."

Ìyá Àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó mú àkàrà kan, ó sì gé e jẹ. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n ìka rẹ̀ lá.

Ó ní, "Ilá náà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọ mọ àkàrà í dín." Mo bá mú tèmi. Edé náà ń ró wọ̀ṣọ̀wọ̀ṣọ̀ lẹ́nu mi, ilá náà sì rọ̀ bí ìgbà tí a fi ọbẹ̀ jẹ iyán. Mo jẹ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Àgbà gbé abọ́ ilá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ agbada rẹ̀. Awakọ̀ méjì péré ni ó rà á. Èmi àti àbúrò mi ni a jẹ èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ìbéèrè
1. Kí ni Ìyá Àgbà sọ nípa ẹni tí kò bá po ẹ̀wà dáadáa?
2. Báwo ni àwọn obìnrin kan ní Bahia ṣe ra ara wọn padà kúrò lóko ẹrú?
3. Kí ni ó mú kí Ìyá Àgbà gbójú sókè?
4. Bi àgbàlagbà kan ní ilé yín nípa ìpanu kan tí a mọ̀ mọ́ ìlú yín. Kọ bí a ṣe ń ṣe é sínú ìwé rẹ.